Owó Alẹ́ Òṣìṣẹ́: Kí Ìwé Owó-Orí Máa Sọ Òótọ́

Owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ẹ̀bùn ìjọba. Owó iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ti ṣe ni, tí a kàn sún ọjọ́ gbígbà rẹ̀ síwájú. Òfin Ghana àti ti Nàìjíríà gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í bu owó-orí lé e ní oṣù tí a yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń wádìí bóyá owó náà dé ibi tí ìwé sọ pé ó lọ?

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣìṣẹ́ kan ní Kumasi ṣe àpẹẹrẹ. Bí owó-oṣù rẹ̀ bá jẹ́ 2,000 sídì, òfin ọdún 2008 ní kí a yọ ìdá 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó jẹ́ 110 sídì, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 13 kún un, èyí tí ó jẹ́ 260. Nínú 370 yìí, 270 ń lọ sí àjọ SSNIT, 100 ń lọ sí ohun tí wọ́n ń pè ní Ìpele Kejì. Lórí 1,890 tí ó kù ni a ó ti ṣírò owó-orí. Bí ó bá tún fínnúfíndọ̀ fi owó pamọ́ sí Ìpele Kẹta, kò ní san owó-orí lé e títí dé ìdá 16.5, àmọ́ bí ó bá kó o kí ọdún mẹ́wàá tó pé, kí ó sì tó fẹ̀yìn tì, ìjọba yóò mú ìdá 15.

Ètò yìí gún régé lórí ìwé. Síbẹ̀, ní ọdún 2014, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Ghana daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé owó Ìpele Kejì tí a ti ń yọ láti ọdún 2010 kò tíì dé ọwọ́ àwọn alábòójútó tí wọ́n fẹ́.

Nílé wa ńkọ́? Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8, kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10, kí owó náà sì dé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí a bá san owó-oṣù. Àjọ PenCom fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ìpínlẹ̀ kan kò tíì mú un ṣẹ. Síbẹ̀, tí ó bá di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ owó-oṣù ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ owó-orí. Bí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun yọ owó ìfẹ̀yìntì, tí kò sì fi í ránṣẹ́, irọ́ ni ìwé náà pa.

Àbá mi kò le. Kí a má ṣe gba àkọsílẹ̀ ọdọọdún kankan tí kò bá ní ẹ̀rí pé owó tí a yọ ti wọ àpò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́. Ẹnìkan lè bi mí pé: bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ni ajigbèsè, báwo ni ilé-iṣẹ́ owó-orí rẹ̀ yóò ṣe bá a wí? Nítorí èyí gan-an ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà fi gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, kí ó lè fi wé ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí ohun tí yóò gbé lọ sí ilé-ẹjọ́.

À ń gbàdúrà kí alẹ́ wa sàn ju òwúrọ̀ lọ. Ẹni tí ó ń ná owó alẹ́ olówó ní òwúrọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe àmín sí i.