Àgádágodo Tó Yẹ Kó Wà Lórí Suwíìṣì: Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó

Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú,

Mo mọ̀ pé ìwé tó ń wọ ọ́fíìsì yín kò lóǹkà, nítorí náà n ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ikú àwọn òṣìṣẹ́ ni mo bá wá, irú èyí tí àgádágodo kan tàbí okùn kan ì bá dá dúró.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó iléeṣẹ́ kan lóru ní Odogunyan, Ìkòròdú, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti géètì mọ́ wọn. Àwọn tó kú lé ní ọgbọ̀n. Títí dòní, ẹ̀rù olè ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ ra àgádágodo: wọ́n á fi ti géètì, wọ́n á fi ti sítọ́ọ̀, wọ́n á fi ti yàrá epo. Ibi tí ẹ ò ti ní í sábà rí i ni orí suwíìṣì ẹ̀rọ tó lè gé apá èèyàn.

Ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kó wà. Ẹni tó ń fọ ẹ̀rọ, ẹni tó ń tú u, ẹni tó ń yọ ohun tó há sí i lẹ́nu, àwọn ni ẹ̀rọ máa ń tètè pa. Nílẹ̀ wa, ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ráyè. Òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì á ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun, kó lè ha èyí tó gan mọ́ ọn. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń lọ ike á tẹ orí wọ inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pa suwíìṣì, torí iná ò kúkú sí. Àfi lójijì tí iná bá dé, tàbí tí ẹnìkan ní ẹ̀yìnkùlé bá tan jẹnẹrétọ̀. Kí àwọn ọmọ àdúgbò tó hó “Up NEPA!” tán, ẹ̀rọ ti ń yí.

Ohun tó ń dènà èyí kò le. Wọ́n á pa iná láti orísun rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà á fi àgádágodo tirẹ̀ ti suwíìṣì, á so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, á sì ki kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, àgádágodo márùn-ún ni. Bí ẹni mẹ́rin bá ti parí tiwọn, ẹ̀rọ ò lè ṣiṣẹ́ títí ẹnì karùn-ún á fi jáde. Wọ́n á tún tú agbára tó ṣẹ́kù sínú ẹ̀rọ sílẹ̀: ooru inú páìpù, súpíríǹgì tó ká, irin tó gbé ẹrù dúró lókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ bọ́tìnì láti wò ó bóyá yóò yí, kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin ní 1989, ìjọba wọn sì ṣírò pé ó ń dènà ikú bí 120 lọ́dọọdún.

Ikú kejì kì í pariwo. Inú kànga ló wà, inú sọ́kèwéè, inú táńkì, inú ọkọ̀ ojú omi. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní ọ́síjìn bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n irin tó ń dípẹtà nínú táńkì tí wọ́n dé pa lè mu ún kúrò níbẹ̀. Ìgbẹ́ tó ń jẹrà nínú sọ́kèwéè ń tú gáàsì hydrogen sulphide jáde. Gáàsì yìí ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀, ó máa ń pa imú, ẹni tó wà níbẹ̀ á sì rò pé òórùn ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láti fa omi ń tú carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Àwọn kan tó ń gbẹ́ kànga máa ń sọ àtùpà kalẹ̀ kọ́kọ́. Bó bá kú, wọn ò ní wọlé. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n àtùpà ò mọ carbon monoxide, níbi tí gáàsì epo bá sì wà, àtùpà náà ni yóò dá iná ọ̀hún sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nínú kòtò tí mò ń wí yìí, ará yòókù ló ń jìn tẹ̀ lé e. Ẹnìkan á ṣubú, àbúrò rẹ̀ á bẹ́ wọlé láti gbé e, aládùúgbò á tẹ̀ lé wọn. Ní 1986, NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún tó ń kú sí irú ibi báyìí, ó lé ní ọgọ́ta tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ yọ. Àwa tí a kì í gbọ́ igbe ará ilé ká káwọ́ gbera, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Bó bá ṣẹlẹ̀ tán, a máa ń ní Ògún ló bínú, tàbí pé kànga yẹn ti ń gba orí tẹ́lẹ̀. N ò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó tan suwíìṣì ní orúkọ. Ẹni tó ní kí alágbàṣe wọ táńkì láìyẹ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wò náà ní orúkọ. Òfin Iléeṣẹ́ ti 1987 ti là á sílẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ibi tí èéfín olóró lè wà gbọ́dọ̀ ní ohun ìmí, kó so okùn mọ́ra, kí ẹlòmíràn sì dúró níta tó di okùn náà mú. Àìsí òfin kọ́ ló ń pa wá.

Mo mọ ohun tí àwọn amòfin yín lè sọ, pé ìwé òfin 1999 fi ààbò òṣìṣẹ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Èkó ní Àjọ Ààbò tirẹ̀ láti 2011. Ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, ẹ̀yin lẹ ń gbé kọ́ńtíráàtì ìpínlẹ̀ jáde. Láti ìgbà tí Òfin Iná Mànàmáná Èkó ti 2024 sì ti jáde, ọ̀rọ̀ iná náà ti dọ́wọ́ yín.

Nítorí náà, mo bẹ̀bẹ̀ ohun mẹ́rin. Èkíní, kí Àjọ Ààbò má fọwọ́ sí iléeṣẹ́ kankan tí kò lè fi àgádágodo òṣìṣẹ́ rẹ̀ hàn, ti alágbàṣe náà pẹ̀lú. Kí ẹni tó wá yẹ iléeṣẹ́ wò má jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Kó lọ bá ẹni tó ń fọ ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Èkejì, a ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti ti ìdàgbàsókè 37. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn gáàsì, pẹ̀lú okùn àti bẹ́líìtì, tí àwọn tó ń gbẹ́ kànga àtàwọn tó ń kó sọ́kèwéè lè yá lówó pọ́ọ́kú. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó ń gun òpó iná lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àgádágodo tirẹ̀ ti ojú wáyà náà kó tó gùn ún, kí jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni má sì lè da iná padà sójú wáyà ìta. Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọọdún: òṣìṣẹ́ mélòó ló kú, níbo, kí ló fà á, kí ni wọ́n ṣe sí i. Ikú tí wọ́n bá fi owó ìsìnkú yanjú lábẹ́lẹ̀ kò lè kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n kankan.

Àwọn oníléeṣẹ́ á ní nǹkan ti wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ wọ́n ra èyí tó wà lẹ́nu géètì. Kí ọ̀rọ̀ yín lè wọ̀ wọ́n létí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé: iléeṣẹ́ omi ìjọba wà ní Ìjù àti Àdìyàn. Ẹ rí i pé kí ọdún yìí tó parí, gbogbo ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ ní àgádágodo tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wọ táńkì láìwọn afẹ́fẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ óò lẹ́nu láti bá àwọn tó kù wí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Èkó kan