Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Àtijọ́: Ọjọ́ Orí Nìkan Kò Tó

Ní àìpẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jẹ́ oníṣòwò pákó gbọ́ iye owó tí wọ́n ń ta ọkọ̀ ojú omi kan tí a ti kàn láti ayé àwọn baba wa ní ilẹ̀ Òyìnbó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ là mí lójú! Bí pákó bá gbó lọ́dọ̀ tèmi, igi ìdáná ni mo ń tà á sí. Kí ni Òyìnbó rí nínú ògbólógbòó pákó tí ó fi ń kó mílíọ̀nù lé e lórí?" Àwa náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbàtí a délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ìbéèrè oníṣòwò tòótọ́ ni: kí ni ó ń sọ ohun kan tí ó gbó di iyebíye, tí ó sì ń sọ òmíràn di igi ìdáná?

Ọkọ̀ tí a ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù, bẹ́ẹ̀ni kì í ṣe ọkọ̀ ogun. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ onígbòkun ni, èyí tí Òyìnbó ń pè ní yọ́ọ̀tì, tí àwọn ọlọ́lá fi ń ṣe fàájì, tí wọ́n sì fi ń díje lórí òkun. Àwọn tí ń ṣètò ìdíje ọkọ̀ àtijọ́ ní Òkun Mẹditaréníà ti pa ààlà ọdún sí i. Ọkọ̀ tí ó ti bọ́ sómi kí 1950 tó dé wà ní ẹgbẹ́ kìíní. Èyí tí ó bọ́ sómi láti ìgbà náà títí di òpin 1975 wà ní ẹgbẹ́ kejì. Igi tàbí irin ni wọ́n sì ń fẹ́ kí a fi kàn án. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè fún àwọn ọkọ̀ onítàn kì í gba ọkọ̀ tí kò tíì pé 50 ọdún, tàbí èyí tí gígùn rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 33.

Òfin wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n àwa kò gbà pé ọdún ni gbogbo ọ̀ràn náà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó gbó tí kò ní ìyì kankan; wúruwùru ni a kàn wọ́n, wúruwùru ni wọ́n sì jẹrà. Ọdún ni ẹnu-ọ̀nà, kì í ṣe ilé.

Ohun kìíní tí ó wà nínú ilé ni ọwọ́ ẹni tí ó ya àwòrán ọkọ̀ náà àti ọwọ́ àwọn tí ó kàn án. William Fife, ará Fairlie ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, tí ó kú ní 1944, a máa gbẹ́ dírágónì sí iwájú àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó mọ ọkọ̀ tó sún mọ́ ibi tí yóò ti rí dírágónì náà, yóò ti mọ̀ ọ́n láti òkèèrè, nítorípé ara ọkọ̀ náà ń ṣàn láti imú dé ìdí láìsí ibi tí ojú ti kọsẹ̀. Ohun kejì ni igi tí a fi kàn án. Kí ọ̀rẹ́ wa oníṣòwò pákó má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí òun, nítorípé àwọn kanọkọ̀kanọkọ̀ ilẹ̀ Òyìnbó ti ń lo ìrókò wa tipẹ́ ní ipò igi tíìkì, orúkọ tí àwa fi ń pè é náà ni wọ́n sì fi ń rà á ní ọjà wọn.

Ohun kẹta ni ìtàn ọkọ̀ náà: ta ni ó ni ín, níbo ni ó dé, kí ni ojú rẹ̀ ti rí? Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ wo ọkọ̀ Shamrock V, tí wọ́n kàn ní 1930 fún Thomas Lipton, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí tíì tí ẹ ń mu ní òwúrọ̀. Oníṣòwò yìí fi ọkọ̀ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ díje fún ife ẹ̀yẹ America láti 1899 títí di 1930, kò sì gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ọkọ̀ tí ó fi pàdánù kẹ́yìn ń bẹ títí di òní, ìtàn ìfaradà rẹ̀ sì ń gbé iye owó rẹ̀ ga.

Ọkọ̀ ńláńlá mẹ́wàá irú Shamrock V ni wọ́n kàn láàárín 1930 àti 1937. Mẹ́ta péré ni ó kù nínú wọn. Àwọn ìyókù ni wọ́n fọ́ tí wọ́n sì ta irin àti òjé ara wọn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Endeavour, èyí tí wọ́n kàn ní 1934. Ó borí nínú ìdíje méjì àkọ́kọ́ fún ife ẹ̀yẹ náà, ó sì pàdánù mẹ́rin tí ó tẹ̀lé e. Ní 1947 wọ́n tà á fún àwọn tí ń fọ́ ọkọ̀, kí oníbàárà mìíràn tó yọ ọ́. Ó rì sínú odò Medina ní Cowes, wọ́n sì tún tà á ní pọ́n-ùn mẹ́wàá péré! Ní 1984, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Elizabeth Meyer, rà á nígbàtí ó ti di páànù jíjẹrà, ó sì ná ọdún márùn-ún àti owó ribiribi lé e lórí kí ó tó tún ta ìgbòkun ní 1989. Ní 2000 wọ́n tà á ní nǹkan bí mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ní 2006 wọ́n tún tà á ní nǹkan bí mílíọ̀nù 13. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tí ó rà á ní 15 tí ó sì bọ́ ọ fún ọdún mẹ́fà kò jèrè. Ẹni tí ó bá ń wá èrè kí ó wá ọjà mìíràn.

Nísisìyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ọkọ̀ onígi tí ó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè ṣàì ní pákó tuntun lára. Bí a bá pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ńkọ́, níbo ni àtijọ́ wà? Pen Duick, ọkọ̀ tí Fife ya àwòrán rẹ̀ tí wọ́n sì kàn ní 1898, jẹrà lọ́wọ́ Éric Tabarly, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ní 1958, ó fi ara ọkọ̀ tí ó ti kú náà ṣe ẹ̀dà, ó sì rọ ara tuntun fún un pẹ̀lú fáíbà. Orí ọkọ̀ yìí náà ni ó ti ṣubú sínú òkun ní 1998, tí ó sì kú. Síbẹ̀ gbogbo ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún Pen Duick láàárín àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Kí ni ìdí rẹ̀? Àwa rò pé nítorípé ẹni tí ó ṣe é kò fi ohunkóhun pamọ́ ni. Bákan náà ni wọ́n kan Ranger tuntun ní 2003, ní àwòrán Ranger ti 1937 tí wọ́n ti fọ́. Kò sí ẹni tí ń pè é ní ti 1937. Ọmọ jọ baba, ṣùgbọ́n kì í ṣe baba.

Ohun tí a ń fẹ́ sọ gan-an nìyí: nínú òwò ọkọ̀ àtijọ́, ìtàn jẹ́ apá kan nínú ọjà. Ẹni tí ó bá ba ìtàn jẹ́ ti ba ọjà jẹ́. Àṣà àwọn alágbàtà ọkọ̀ ni láti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ọkọ̀ ti wà ni a ṣe ń tà á, kí wọ́n sì dákẹ́. Fún ọkọ̀ lásán, a lè gbà bẹ́ẹ̀. Fún ọkọ̀ àtijọ́, àwa kò gbà. Ọ̀dà tuntun a máa bo pákó jíjẹrà. Bóòtù irin tí ó so òjé ìsàlẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ lè ti jẹ tán nínú ihò rẹ̀, kí orí rẹ̀ sì máa dán. Omi òjò tí ń jò láti òkè a sì máa ba igi jẹ́ ju omi iyọ̀ lọ. Ẹni tí ó ń tà á mọ ìwọ̀nyí. Kí ó sọ wọ́n. Kí ó sọ pákó tí a pààrọ̀, ọdún tí a pààrọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí ó pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á pẹ̀lú gba ẹni tí ó mọ ẹ̀yẹ̀wò ọkọ̀, kí ó gbé ọkọ̀ náà kúrò nínú omi, kí ó sì yọ bóòtù kan wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

A mọ̀ pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a fi èké tà yóò sọ òtítọ́ fúnra rẹ̀ nígbàtí ìjì bá dé, kò sì sí alágbàtà kankan lórí òkun ní ọjọ́ náà.

Èsì wa fún ọ̀rẹ́ wa nìyí. Pákó tí kò ní ọwọ́ ọlọgbọ́n lára, tí kò sì ní ìtàn tí a lè gbẹ́kẹ̀lé, kí ó máa tà á sí igi ìdáná, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí pákó náà ti wá, kí ó tó gbé àáké. Ire o.