Èló Ló Ń Wọlé fún Ọ?

Ká ní dẹ́rẹ́bà takisí Micra kan ní Ìbàdàn àti ìyàwó tó ti kó kúrò nílé rẹ̀ dúró níwájú adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀. Ìyàwó ní kí ó máa mú owó oúnjẹ ọmọ méjì wá lóṣooṣù, nítorí 40,000 náírà ló ń pa lójúmọ́. Ọkọ ní kò sóhun tó jọ ọ́, 7,000 péré ló ń bọ́ sí òun lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á ti máa wá òpùrọ́ láàrin wọn. Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má sí òpùrọ́ kankan. Nínú 40,000 yẹn, epo gba 18,000, ọlọ́kọ̀ gba 10,000, tíkẹ́ẹ̀tì páàkì gba 2,500, dẹ́rẹ́bà sì yọ 2,500 sọ́tọ̀ fún mẹkáníìkì àti táyà. 7,000 ló kù. Owó tó wọlé ni ìyàwó rí, owó tó kù ni ọkọ ń sọ. Bí adájọ́ kò bá rí àkọsílẹ̀ kankan, ojú ni yóò fi díwọ̀n, ọmọ ni ìyà rẹ̀ yóò sì jẹ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá sì ti ṣe irú rẹ̀, sọ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ kí òbí máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára òbí bá ṣe mọ. Ibi tí agbára náà mọ gan-an ni ìjà wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba á kàn na ìwé owó-oṣù rẹ̀ sí adájọ́ ni. Alátẹ, telọ, bíríkìlà àti ọlọ́kadà kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló sì pọ̀ jù nínú wa. Mélòó nínú wọn ló tún lè san owó lọ́yà? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fẹnu ara wọn ro ẹjọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni kí èèyàn lọ síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Kí ẹni tí wọ́n ń bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ ra ìwé kékeré kan, kí ó sì máa kọ ohun tó wọlé lójúmọ́, ohun tó jáde àti ohun tó kù síbẹ̀. Kí ó tọ́jú risíìtì. Kí ó mú káàdì àjọ rẹ̀ dání, nítorí iye tí èèyàn ń dá lójoojúmọ́ ń sọ púpọ̀ nípa ohun tó ń rí. Kí ó gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ ní bánkì. Ìwé tí wọ́n kọ lóru ọjọ́ kan nítorí pé kóòtù kù sí dẹ̀dẹ̀, tí yíǹkì àti ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ rí bákan náà láti ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, adájọ́ ti rí irú rẹ̀ rí.

Ẹni tó ń bèèrè owó náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Pé èèyàn ń pariwo pé "ó lówó" kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ-iṣẹ́ mélòó ló wà lọ́dọ̀ bàbá ọmọ? Ṣọ́ọ̀bù mélòó ló ń san owó rẹ̀? Àkáǹtì ta ni owó POS rẹ̀ ń wọ̀? Ta ló lè jẹ́rìí sí ilẹ̀ tó rà lọ́dún tó sọ pé òun kò ní kọ́bọ̀? Kí ó bẹ adájọ́ pé kí wọ́n ní kí bàbá náà mú àkọsílẹ̀ bánkì rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà, kí ó to bùkátà ọmọ lẹ́sẹẹsẹ: risíìtì owó ilé ìwé, káàdì ọsibítù, yunifọ́ọ̀mù, owó ọkọ̀, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá kàn pe 50,000 lápapọ̀, wọn á ná an bí ẹni ń ná ẹja lọ́jà. Kí ìyá náà sì sọ ohun tó ń wọlé fún òun, nítorí òbí méjèèjì ni òfin gbé ẹrù náà lé lórí. Bí adájọ́ bá sì bèèrè iye tó ń wọlé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ tàbí ti àlè dáhùn.

Ní Amẹ́ríkà tí ìwé owó-oṣù ti pọ̀ lọ jàra, ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Kóòtù kan ní South Carolina ní kí bàbá kan máa san dọ́là 51.73 lọ́sẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Kò san án déédéé. Nígbà tó fi di January 2008, gbèsè ti di dọ́là 5,728.76. Bàbá náà kò ní lọ́yà, ìyá ọmọ náà kò ní. Ọkùnrin náà ní oògùn olóró ti gbá òun mú, ó ní ẹ̀yìn òun sì ti dá. Adájọ́ kò wádìí bóyá ó lágbára láti san. Ó jù ú sẹ́wọ̀n oṣù 12. Ní 2011, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Turner v. Rogers, ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé ìdájọ́ náà. Wọ́n ní kò di dandan kí ìjọba wá lọ́yà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹnìkejì náà kò ní, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó mọ̀ pé agbára àtisan ni kókó ẹjọ́, kí wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù tí yóò fi ṣàlàyé owó rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí adájọ́ sì sọ ní pàtó bóyá ó lè san tàbí kò lè san.

Iye tí kóòtù bá dá kì í sì í ṣe títí ayé. Ní Nàìjíríà níbí, owó-oṣù tó kéré jù jẹ́ 30,000 náírà ní 2019. Ó di 70,000 ní 2024. Jálá epo tí ilé epo ìjọba ń tà ní iye tí kò tó 200 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ May 2023 kọjá 480 kí oṣù náà tó parí. Ìyá tí wọ́n dá 5,000 fún lóṣù ní 2019 ní ìdí láti padà sọ́dọ̀ adájọ́. Bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdí kan náà, kí ó sì tètè lọ, nítorí ẹni tó dákẹ́ ni gbèsè ń gun orí rẹ̀. Kí ó máa san ohun tó bá ń san nípasẹ̀ kóòtù tàbí bánkì, kí ẹ̀rí lè wà.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa fún kò le. Ẹ fi fọ́ọ̀mù olójú ewé kan, tí wọ́n kọ ní Yorùbá, sí gbogbo kóòtù ìbílẹ̀: ohun tó ń wọlé, ohun tó ń jáde, ohun tó kù, ohun tí ọmọ nílò. Kí bàbá kọ tirẹ̀, kí ìyá kọ tirẹ̀, kí akọ̀wé kóòtù bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ ọ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Owó pépà àti yíǹkì nìkan ló máa ná wọn. Adájọ́ á yé fi ojú díwọ̀n, iye tó bá sì dá á jẹ́ èyí tí bàbá lè san, tí ìyá sì lè fi bọ́ ọmọ yó.