Bí Wọ́n Bá Lù Ọ́, Ta Ni Wàá Pè? Ẹ̀kọ́ Láti Inú Fíìmù Blue Story



Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni fíìmù Blue Story jáde ní Ìlú Ọba. Andrew Onwubolu, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Rapman, ló kọ ọ́ tí ó sì darí rẹ̀. Ó mú díẹ̀ nínú ìtàn náà láti inú ìgbà èwe tirẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù.

Stephen Odubola ló ṣe Timmy, ọmọ jẹ́jẹ́ tí orí rẹ̀ pé, tí ojú a sì máa tì. Deptford ni ilé wọn, ṣùgbọ́n Peckham ló ti ń lọ sí ilé ìwé. Ibẹ̀ ni òun àti Marco ti di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. Àwọn ọmọ ìta àdúgbò méjèèjì kò sì rí ara wọn sójú. Ẹ̀gbọ́n Marco wà lára ti Peckham. Àwọn tí Timmy bá ṣeré ní kékeré wà lára ti Deptford. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn lu Marco ni nǹkan bàjẹ́. Kálukú ké sí àwọn tirẹ̀, ẹ̀san ń bí ẹ̀san, títí ọ̀rẹ́ méjì fi di ọ̀tá ara wọn.

Àwọn kan ní irú fíìmù báyìí ló ń ba ọmọ jẹ́. Nígbà tí ìjà ṣẹlẹ̀ ní ilé sinimá kan ní Birmingham, ilé iṣẹ́ Vue dá a dúró kí wọ́n tó tún dá a padà. Òótọ́ ni pé èébú àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọmọ kékeré ń wò. Ṣùgbọ́n ọdún 2000 ni wọ́n pa Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10, ní Peckham. Fíìmù kọ́ ló dá àrùn náà sílẹ̀.

Ní tèmi, ohun tí ó mú Timmy kì í ṣe àìgbọ́n. Ìpè ni: "Àwọn tiwa dà?"

Irú ìpè yìí wáyé lójú ayé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Lójú ogun kan, ọ̀kan nínú àwọn Muhājirūn fi ẹsẹ̀ gbá ọ̀kan nínú àwọn Ansār ní ìdí. Eléyìí ké sí Ansār, tọ̀hún ké sí Muhājirūn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun gbọ́, ó pè é ní ìpè ìgbà àìmọ̀kan, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ń rùn. Ẹ kíyè sí i: orúkọ iyì ni orúkọ méjèèjì. Fífi í gbá ènìyàn jọ sí ìjà ló sọ ọ́ di ohun tí ń rùn.

Òun kan náà ló sì ní kí a ran ọmọ ìyá wa lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ alábòsí tàbí ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí. Àwọn sàábé béèrè bí a ṣe ń ran alábòsí lọ́wọ́. Ó ní kí a dá a dúró ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rẹ́ tó di ọ̀bẹ lọ́wọ́, tó ní kí o ká lọ, gbá a mú kí ẹ jọ padà sílé. Ìyẹn ni ìrànlọ́wọ́. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì í rí ẹni bá ṣeré.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ òru pọ̀, owó ilé ń bẹ lọ́rùn. A lè rò pé bí ọmọ bá ti mọ̀wé, tó sì ń lọ sí ilé kéú, ó parí. Timmy náà mọ̀wé. Lálẹ́ òní, ẹ bi ọmọ yín pé: "Bí wọ́n bá lù ọ́, ta ni wàá kọ́kọ́ pè?" Bí kì í bá ṣe ìwọ, tàbí àgbà kan ní mọ́sálásí, ẹ má bínú sí i. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì di ẹni tí yóò pè.

Kí Ọlọ́hun bá wa dáàbò bo àwọn ọmọ wa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí a fi ojú sunkún wọn. Āmīn.