Ẹ Má Sọ Ẹnjiníà Di Akọ̀wé

Ó ṣe wá ní kàyéfì pé nígbàkúùgbà tí owó bá dínkù ní ilé iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà, akọ̀wé àti olùtọ́jú fáìlì ni a kọ́kọ́ ń yọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá a ní ẹnjiníà ni ń ṣiṣẹ́, pé àwọn ìyókù kàn ń gba owó oṣù ni. Ó dára. Ta ni yóò wá máa kọ lẹ́tà? Ta ni yóò máa wá fáìlì tí ó sọnù? Ẹnjiníà náà ni! Ẹni tí a ná owó ńlá lé lórí kí ó lè mọ bí afárá ṣe ń ru ẹrù, òun ni yóò jókòó ti ìwé ìrajà láti òwúrọ̀ di ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí a wo Langley ní ìpínlẹ̀ Virginia, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìwádìí lórí ọkọ̀ òfuurufú. Nígbà kan rí, àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ ni ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìṣirò gbogbo ohun tí wọ́n bá wọ̀n. Ní 1935, a gba obìnrin 5 láti máa bá wọn ṣe é. Nígbà tí ó fi máa di 1942, àwọn ẹnjiníà náà fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé àwọn obìnrin wọ̀nyí yára ju àwọn lọ, ìṣirò wọn sì péye jù.

Síbẹ̀, tábìlì ọ̀tọ̀ ni a yà fún àwọn aláwọ̀ dúdú inú wọn ní ilé oúnjẹ. Láàárín àwọn tí a yà sọ́tọ̀ yìí ni Mary Jackson ti jáde, tí ó di ẹnjiníà ní 1958. Láàárín wọn náà ni Katherine Johnson ti wá, ẹni tí John Glenn ní kí ó fi ọwọ́ tún ìṣirò ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò kí òun tó fò yí ayé ká ní 1962.

A kò sọ pé kí ọ̀gá kó àna àti ìbátan kún ọ́fíìsì o. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni a ń wí, kí a sì bu ọlá fún un. Ẹ̀yin olùkọ́ kò ní ṣàì mọ ohun tí a ń sọ, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ, tí ẹ tún ń ka owó, tí ẹ tún ń di kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkẹ́rùsí mú.

Kí ọ̀gá kankan tó tún fi ọwọ́ sí ìwé ìdádúró akọ̀wé, a ń fẹ́ kí ó kọ sílẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan péré, iye wákàtí tí àwọn ẹnjiníà rẹ̀ ń lò nídìí iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn.