Bí Ẹnu Bá Dákẹ́

Àwọn àgbà ní ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé-jẹ. Bí ẹnu bá wá dákẹ́ ńkọ́?

Ní oṣù tó kọjá, Àǹtí mi tí wọ́n ń ta tòmátò ní ọjà Mile 12 dákú nídìí àtẹ wọn. Àwọn alátẹ ẹgbẹ́ wọn gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì béèrè àìsàn tó ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀ àti oògùn tí wọ́n ń lò. Ará ọjà ní ibà ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn pé Àǹtí ní àtọ̀gbẹ, pé wọ́n sì ti gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì láàárọ̀ láìjẹun. Fóònù wọn wà ńlẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà ní títì pa. Orí ló yọ wọ́n: èmi ni mo ṣèèṣì pè, nọ́ọ̀sì gbé e, mo sì ṣàlàyé. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jọjọ. Nígbà tí omi ṣúgà wọ ara wọn, wọ́n lajú.

Ohun tó dùn mí ni pé fóònù yẹn ì bá ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi. Ní 2005, Bob Brotchie, òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba aráyé níyànjú láti fi lẹ́tà ICE ṣáájú nọ́ḿbà ẹbí nínú fóònù, kí olùgbàlà lè tètè rí i. Fóònù òde òní kì í ṣí fún àlejò, nítorí náà ni iPhone ṣe ní Medical ID láti 2014. Android náà ní irú rẹ̀. Ẹ kọ àìsàn yín, oògùn tí ẹ ń lò, èyí tí ara yín kọ̀, irú ẹ̀jẹ̀ yín àti nọ́ḿbà ẹbí síbẹ̀, kí ẹ sì gbà á láyè láti hàn bí fóònù bá wà ní títì. Ẹni tó bá tẹ “Emergency” yóò rí ọ̀nà débẹ̀. Àlejò lè kà á lóòótọ́. Nítorí náà, ohun tó lè gba ẹ̀mí là nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má sì gbàgbé 112 àti 767, nọ́ḿbà pàjáwìrì ní Èkó.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ bá Àǹtí nílé wọn ní Kétu, mo bá wọn kọ tiwọn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìwọ ńkọ́? Ṣé tìrẹ ti wà níbẹ̀?”

Ojú tì mí. N kò tíì kọ nǹkan kan. Wọn kò jẹ́ kí n dìde títí mo fi kọ tèmi tán.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.