Olórí Wà Níbẹ̀, Wọ́n Sì Ń Fá Orí Rẹ̀ Lọ

Láti ọdún 2014 ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti là á kalẹ̀, ní abala 23, pé oníṣègùn gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn fún un, kó ka oríṣi ìtọ́jú tó wà fún un, kó sọ àǹfààní, ewu àti iye owó tó rọ̀ mọ́ wọn, kó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Òfin náà tún ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tó yé aláìsàn ni kí wọ́n fi sọ ọ́, lọ́nà tó bá bó ṣe kàwé tó mu. Ṣùgbọ́n ní ìdí ìtọ́jú àìsàn ọkàn, ohun tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kọ oògùn mẹ́rin sórí ìwé, kí wọ́n dá ọjọ́ tí aláìsàn yóò padà wá, kó tán síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ọmọ tàbí ìyàwó ni dókítà ń pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Èyí tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí olórí wà ní ìjókòó, wọ́n sì ń fá a lọ láì bi í léèrè. Èrò tèmi kò ní àbùlà: yàtọ̀ sí ìgbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ lójú ẹsẹ̀, ìpinnu ìtọ́jú ọkàn tí aláìsàn kò lọ́wọ́ sí jẹ́ iṣẹ́ tí dókítà ṣe ní ààbọ̀, ìfọwọ́sí tí wọ́n gbà lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ kò sì lè sọ ọ́ di odindi.

Ẹ wo ọ̀ràn fáàfù, ìyẹn àwọn awẹ́ kéékèèké tó ń ṣí tó sì ń padé nínú ọkàn kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sẹ́yìn. Àrùn ọ̀nà ọ̀fun tí wọn kò tọ́jú dáadáa lára ọmọdé lè bà á jẹ́ nígbẹ̀yìn, débi pé wọ́n á ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Èyí tí ilé iṣẹ́ rọ máa ń tọ́jọ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n bá fi sí lára yóò máa lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí ayé, yóò sì máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé. Oògùn náà sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Èyí tí wọ́n fi ẹran ara màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣe kì í sábà béèrè oògùn yẹn fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gbó, pàápàá lára ọ̀dọ́, wọ́n á sì tún ní láti la àyà. Ta ló lè sọ èyí tó dára jù fún ọmọbìnrin ọdún 24 tó ń múra àtilọ́kọ? Ìwé ìṣègùn lè sọ iye ọdún tí fáàfù ń lò. Kò lè sọ bóyá ọmọ bíbí jẹ ẹ́ lógún ju iṣẹ́ abẹ kejì lọ, bóyá ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò sún mọ́ ilé rẹ̀, tàbí bóyá ẹ̀sìn rẹ̀ gbà kí ara ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọkàn rẹ̀. Àáfà rẹ̀ lè ní kò sí èèwọ̀ níbẹ̀ nítorí ẹ̀mí. Ẹ ṣáà jẹ́ kó ráyè bi í. Dókítà tó mú ọ̀kan fún un láìsọ èkejì ti bá a pinnu ọ̀rọ̀ oyún àti ti ẹ̀sìn mọ́ ti ìṣègùn.

Ìdákẹ́ yìí máa ń bí ìgbàgbọ́ èké, kì í sì í ṣe lọ́dọ̀ àwa nìkan. Ní Massachusetts, ìwádìí kan tó jáde ní 2010 bi àwọn aláìsàn 153 tí wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yẹ iṣan ọkàn àwọn wò, kí wọ́n sì fi sítẹ́ǹtì, ọ̀pá wáyà kékeré, là á bó bá yẹ. Méjìdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló gbà pé yóò dín ewu ìkọlù ọkàn kù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn dókítà wọn mọ̀ pé ìrora àyà nìkan ló máa dẹ̀. Ìwádìí COURAGE ti fi èyí hàn ní 2007. Ìwádìí ISCHEMIA, tó kó èèyàn 5,179 jọ ní orílẹ̀-èdè 37, tún fi hàn ní 2020 pé fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ru sókè, sítẹ́ǹtì àti iṣẹ́ abẹ kò dín ikú kù ju oògùn lọ. Ẹni tí ìkọlù ọkàn bá gbé dé lójijì, sítẹ́ǹtì lè gbà á là. Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn 153 yẹn ló fọwọ́ sí ohun tí kò yé wọn.

Wọ́n á ní, àkókò dà? Mo mọ̀ pé ìlà tó wà níwájú dókítà wa gùn. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ka pàjáwìrì mẹ́fà ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi àwòrán ewu han apá kan nínú àwọn aláìsàn 898 tí àyà ń dùn ṣùgbọ́n tí ewu wọn kéré, wọ́n sì jọ sọ ọ́. Ohun tó fi kún àkókò dókítà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Nínú àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, 37 nínú 100 ni wọ́n dá dúró fún àyẹ̀wò síwájú sí i. Nínú àwọn yòókù, ó jẹ́ 52. Ìjàǹbá kankan kò sì tìdí rẹ̀ yọ. Ẹni tí kò ní ìṣẹ́jú kan ń ná ibùsùn àti odindi ọjọ́. Àwọn mìíràn á ní aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé, "Dókítà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n." Bẹ́ẹ̀ ni, a tọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún onímọ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu. Ẹni tó gbọ́ nípa méjèèjì tó ní kí dókítà bá òun mú ti pinnu. Ẹni tí kò mọ̀ pé méjì ló wà kò pinnu nǹkan kan. Ẹbí tó ń sanwó, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n aláìsàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé tálákà ni wá, pé ọ̀rọ̀ yíyan ìtọ́jú jẹ́ ti àwọn tó lówó. Ọ̀rọ̀ náà dorí kodò. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí àwọn dókítà ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa nǹkan bí mẹ́rin nínú márùn-ún, ìyẹn àìsàn tí oògùn ojoojúmọ́ ń kápá. Ọ̀pọ̀ ló sì ń fi owó ara wọn ra oògùn náà. Bí owó kò bá tó mẹ́rin, aláìsàn á ra méjì níwájú káńtà kẹ́míìsì, láìsí ẹni tó sọ fún un èwo ni kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Awakọ̀ tí wọ́n kọ furosemide fún, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ léraléra, kò ní lò ó láàárọ̀ ọjọ́ tó bá ń ná Ìbàdàn sí Èkó. Bí ẹnì kan bá sì béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe, wọn ì bá ti jọ sún wákàtí lílò rẹ̀ síwájú. Ẹni tí lisinopril ń mú húkọ́ á dá a dúró fúnra rẹ̀, nígbà tí oògùn mìíràn wà tó lè rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á wá kọ ọ́ sínú fáìlì pé kì í gbọ́ràn. Aláìsàn wa ń pinnu lójoojúmọ́. Òun nìkan ló kàn ń dá a pinnu, láìní ìmọ̀ lọ́wọ́. Kí ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ sọ ọ́ di dandan, nígbà náà, pé nínú fáìlì gbogbo aláìsàn ọkàn, kí dókítà kọ àwọn ìtọ́jú tó kà fún un, èdè tó fi sọ ọ́, iye tí aláìsàn ní òun lè san, àti èsì tó fọ̀. Fáìlì tí kò bá ní i, kí wọ́n ka ìtọ́jú rẹ̀ sí èyí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀.